Bí àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ gbangba ṣe ń pín ìmọ̀ lórí ayélujára

Ẹ̀kọ́ gbangba ni iṣẹ́ àwọn olùkọ́, olùwádìí àti òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tí wọ́n ń gbé ìwé, àkọsílẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, fídíò àti ìbéèrè ìdánwò wọn sórí ayélujára, tí wọ́n sì fún gbogbo ènìyàn láṣẹ láti lò ó, láti tún un ṣe àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Owó ilé-ìwé ni ìyẹn gbé kúrò lọ́rùn òbí. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni èyí. Ìwé kan lè wà lórí ayélujára láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kó má jẹ́ ti gbangba, bí ẹni tó ni ín kò bá gbà kí a túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn tàbí kí a yọ orí kan lò nínú rẹ̀.

Àṣẹ ìlò

Lábẹ́ òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ohun tí ènìyàn bá ti kọ sílẹ̀ ti di tirẹ̀, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ dà á kọ láìgba àṣẹ. Olùkọ́ ní Nairobi tó bá rí àkọsílẹ̀ tó wù ú láti Toronto ní láti kọ̀wé sí ẹni tó ni ín, kó sì jókòó ti èsì tó lè má dé láéláé. Àṣẹ ìlò gbangba ló fòpin sí ìdúró yìí: òǹkọ̀wé ti fúnni láṣẹ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. David Wiley, ará Amẹ́ríkà, gbé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1998. Àjọ Creative Commons, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, gbé tirẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, tirẹ̀ ló sì gbilẹ̀ jù lọ lónìí. Ní 2001 náà ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò ṣí àkọsílẹ̀ àwọn kọ́ọ̀sì òun sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọdún kan lẹ́yìn náà, àjọ UNESCO pe ìpàdé sí Paris lórí ohun tí irú èyí lè ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà. Nígbà tó fi di oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú UNESCO ti fọwọ́ sí ìwé ìmọ̀ràn kan lórí ọ̀rọ̀ náà.

Wiley to àwọn ẹ̀tọ́ tí àṣẹ gidi gbọ́dọ̀ fúnni: kí ènìyàn lè lo iṣẹ́ náà, kó tún un ṣe, kó pò ó mọ́ òmíràn, kó sì pín in. Mẹ́rin ni wọ́n ní 2007. Ní 2014 ló fi ìkarùn-ún kún un, pé kí ènìyàn lè ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́ títí láé. Ohun tó fà á ni pé àwọn òǹtẹ̀wé ti ń fi ìwé orí ẹ̀rọ háyà fún akẹ́kọ̀ọ́; bí sáà bá ti parí, ìwé ti pa dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú fo ẹ̀tọ́ karùn-ún yìí, ṣùgbọ́n òun ni mẹ́rin yòókù dúró lé, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè tún ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe.

CCK08

Pípín fáìlì kò ṣòro. Ibi tí iṣẹ́ wà ni bí ẹni tó lo fáìlì náà ṣe máa sọ fún ẹni tó kọ ọ́ ohun tó ṣiṣẹ́ àti ohun tí kò ṣiṣẹ́. Kọ́ọ̀sì kan tó wáyé ní Kánádà ní 2008 fi èyí hàn ju ọ̀pọ̀ mìíràn lọ. Connectivism and Connective Knowledge ni wọ́n pè é, ó dá lórí bí ìmọ̀ ṣe ń ti inú ìsopọ̀ àwọn ènìyàn wá, CCK08 sì ni ìnagijẹ rẹ̀. George Siemens àti Stephen Downes ló darí rẹ̀ ní Yunifásítì Manitoba. Akẹ́kọ̀ọ́ 25 ló sanwó. Nǹkan bí 2,200 mìíràn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè dara pọ̀ láìsan ohunkóhun.

Kò sí yàrá kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń pé sí. Kálukú ń kọ èrò rẹ̀ sórí búlọ́ọ̀gù tirẹ̀, á sì fi àmì CCK08 sí i. Ètò kọ̀ǹpútà tí Downes fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, gRSShopper, a máa lọ ká gbogbo wọn jọ, a sì fi wọ́n ránṣẹ́ lójoojúmọ́ nínú lẹ́tà ímeèlì kan tí wọ́n ń pè ní The Daily. Àwọn kan tún ń jíròrò lórí Moodle, ìkànnì ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn lójú ẹsẹ̀ lórí Elluminate, àwọn mìíràn sì ń pàdé nínú Second Life, ayé àfarawé orí kọ̀ǹpútà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn túmọ̀ lára ohun èlò kọ́ọ̀sì náà sí èdè mìíràn. Dave Cormier ló pe irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ní MOOC (massive open online course, kọ́ọ̀sì orí ayélujára tó ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn) lọ́dún yẹn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí.

Àwọn tó kópa nínú rẹ̀, lára wọn Jenny Mackness, John Mak àti Roy Williams, ṣe ìwádìí lé e lórí, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2010. Ohun tí wọ́n rí kò dùn gbọ́ tán. Àwọn kan kúrò níbi ìjíròrò gbogbogbòò lórí Moodle nítorí ọ̀rọ̀ líle àti ìwọ̀sí, wọ́n sì fara mọ́ búlọ́ọ̀gù wọn, níbi tí wọ́n ti lè ronú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ràn ìjíròrò gbogbogbòò nítorí pé èsì ń tètè dé níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tún ní ìṣòro tirẹ̀: ọ̀rọ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè kà lọ, kò sì sí ẹni tó máa fi ọ̀nà hàn án.

Ní 2011, Yunifásítì Stanford ṣí kọ́ọ̀sì kan lórí òye àtọwọ́dá, nǹkan bí 160,000 ènìyàn ló forúkọ sílẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Coursera sì tẹ̀ lé e. Orúkọ MOOC ni àwọn náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ ló ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò, ẹ̀rọ ló ń máàkì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ara wọn. Èyí jìnnà sí ohun tí CCK08 ń wá.

Ibi ìpàdé tó ń ṣípò padà

Ọ̀pọ̀ nínú ibi tí àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ti ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe tiwọn. Google ti Google Reader pa ní oṣù Keje ọdún 2013, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ka búlọ́ọ̀gù ara wọn sì dí. Lórí Twitter, hashtag, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àmì # ṣáájú, di ibi tí wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè ìwé tó dára, títí tí Elon Musk fi rà á ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Púpọ̀ kó lọ sí Mastodon, ìkànnì tó jọ Twitter, tí kò sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ni ín. Àwọn mìíràn dákẹ́ pátápátá.

Virtually Connecting, ètò kan fún àwọn tí kò lè lọ sí àpérò, rí irú nǹkan yìí náà. Ẹni tó bá ti lọ sí àpérò rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi kì í sábà wà lórí pèpéle. Ìdí tíì àti ẹnu ọ̀nà ló máa ń wà, ẹni tí kò rówó ọkọ̀ òfuurufú tàbí tí kò rí físà gbà kò sì lè gbọ́ ọ. Ní 2015, Maha Bali ti American University in Cairo, ní Íjíbítì, àti Rebecca Hogue bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn tó wà nílé pọ̀ mọ́ àwọn tó wà ní àpérò. Ènìyàn díẹ̀ á pé yí kọ̀ǹpútà kan ká, wọ́n á máa bá àwọn tó wà nílé sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á sì máa wò ó lórí YouTube. Hangouts on Air, ètò fídíò ti Google, ni wọ́n ń lò. Google pa á ní 2019, wọ́n sì ní láti wá ibòmíràn.

Ní Áfíríkà àti ní èdè Yorùbá

Àjọ Saide ní Gúúsù Áfíríkà dá OER Africa, ètò tó ń gbé ohun èlò ẹ̀kọ́ gbangba lárugẹ, sílẹ̀ ní 2008, ó sì ṣí ìkànnì African Storybook ní 2014. Lórí African Storybook, ènìyàn lè ṣí ìtàn ọmọdé kan, kó kọ èdè tirẹ̀ sábẹ́ àwòrán, kó gbé e jáde. Orúkọ òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ á wà níbẹ̀, ti olùtumọ̀ náà á sì wà níbẹ̀. Yorùbá wà lára àwọn èdè ibẹ̀. Ní Nàìjíríà, National Open University of Nigeria gbé ìwé kọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí ìkànnì, ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ náà sì lè wà á sílẹ̀. Ní Wikipedia Yorùbá, àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan ní ojú-ewé ìjíròrò tirẹ̀, ìtàn àtúnṣe rẹ̀ sì ń fi hàn ẹni tó yí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan padà.

Dátà ṣì wọ́n. Nítorí èyí ni Kiwix, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ṣe wúlò: ó ń jẹ́ kí ilé-ìwé gbé Wikipedia sórí kọ̀ǹpútà kó sì máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n WhatsApp ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ̀ jù. Ìwé kan á ti ọwọ́ ẹgbẹ́ olùkọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ẹnì kan á ya fọ́tò ojú-ewé tó nílò, á fi ìyẹn nìkan ránṣẹ́, orúkọ òǹkọ̀wé àti àṣẹ ìlò tó wà ní ojú-ewé àkọ́kọ́ á sì sọnù. Ẹni tó bá gbà á lẹ́yìn náà kò ní mọ̀ bóyá wọ́n fún òun láyè láti tún un ṣe, kò sì ní mọ ẹni tó lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.