Bí ìtàn ṣe ń gba ọwọ́ wọlé nínú géèmù

Ní ọdún 1984, ní ìlú Moscow, Alexey Pajitnov, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ìjọba Soviet, kọ géèmù kan tí kò nítàn lórí, tí kò nítàn nídìí. Oríṣi ègé 7 ló ń já bọ́ láti òkè, àpótí kéékèèké 4 ló so pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èèyàn á máa yí wọn, á máa tò wọ́n. Ìlà tó bá kún á pòórá. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n jí gbé. Tetris ni, ó sì ń bẹ lórí fóònù títí dòní.

Ẹni tó bá ti jókòó nídìí ọpọ́n ayò rí mọ ohun tó fà á. Ihò 12, ọmọ ayò 48, kò sẹ́ni tó so ìtàn mọ́ ọn, síbẹ̀ ọ̀ta àti ọ̀pẹ lè wà nídìí rẹ̀ títí oúnjẹ á fi tutù. Ohun tó dè wọ́n mọ́bẹ̀ kò ju nǹkan kan tó ń yí po lọ: mo ṣe é, mo rí ohun tó dà lójú ẹsẹ̀, ó sì ń ṣe mí bíi kí n tún un ṣe kó dáa ju tàkọ́kọ́ lọ. Yíyípo yẹn ni eré. Nítorí náà, tí wọ́n bá fi dandan lé e pé ká mú ọ̀kan nínú eré àti ìtàn, kò gba àròjinlẹ̀. Géèmù tí kò nítàn pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ. Èyí tí kò léré, fíìmù ni.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí àwọn tó ń rántí géèmù tí wọ́n ṣe lọ́dún 10 sẹ́yìn. Ìtàn ni wọ́n sábà máa ń sọ. Ibo ni ìtàn náà gbà wọlé sí wọn lára?

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ géèmù, eré ló sábà máa ń ṣáájú. Nígbà tí Nintendo ń ṣe Super Mario 64, tó jáde ní 1996, wọ́n kọ́kọ́ ń dán bí Mario ṣe ń sáré àti bó ṣe ń lé ehoro kan wò, kí wọ́n tó kọ́ ilẹ̀ tí yóò ti rìn. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: tí eré sísá kò bá dùn lórí ilẹ̀ òfìfo, òkè àti ààfin kò lè bá a tún un ṣe.

Mario ti 1985 ló tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé èèyàn jù. Bí géèmù náà ṣe ṣí, Mario dúró sápá òsì, ó kọjú sí ọ̀tún, àyè sì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò sí àkọlé tó ní kó máa lọ. Bó bá rìn díẹ̀, ó rí àpótí tó ní àmì ìbéèrè lórí afẹ́fẹ́, nǹkan kan tó dà bí olú, tó fajú ro, sì ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Tí kò bá fò, ó kú. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré ló ṣòfò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì ó fò, bóyá orí rẹ̀ tiẹ̀ gbá àpótí, owó jáde. Nínú àpótí mìíràn, olú tòótọ́ yọ, ó yí lọ sí ọ̀tún, ó kọ lu páìpù, ó sẹ́rí padà wá bá a, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé yẹ̀ fún. Ó jẹ ẹ́, ó di gìrìwò. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti mọ ohun tó ń pani, ohun tó ń ranni lọ́wọ́, àti ohun tí fífò wà fún, kò sì sí olùkọ́ kankan tó dá sí i. Ìtàn ńkọ́? Wọ́n jí ọmọọba gbé. Iṣẹ́ tí ìtàn yẹn ń ṣe kò ju pé kó sọ ìdí tí a fi ń lọ sí ọ̀tún, ó sì ń ṣe é dáadáa.

Àwọn mìíràn ò fẹ́ kí ìtàn kéré tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ fún wọn ni fíìmù kékeré tó máa ń já lu eré: àwọn ènìyàn inú géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, pádì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣeré, kò sì ṣiṣẹ́. Ó lè rẹwà gan-an, àmọ́ gbèsè ni géèmù jẹ ní gbogbo ìgbà tó bá gba ọwọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà tí FIFA 17 jáde ní 2016, wọ́n fi ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Alex Hunter sí i. Inú FIFA 19 ni ìtàn náà parí sí. Ní ilé géèmù tí wọ́n ti ń sanwó lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan, irú èyí tó wà ládùúgbò l'Ékòó àti n'Íbàdàn, ta ni yóò fowó ara rẹ̀ wo ibi tí Hunter ti ń bá bàbá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ẹ gbá bọ́ọ̀lù, ó jàre.

Àléébù tó jù ìyẹn lọ ni kí ọwọ́ máa ṣe ohun kan, kí ẹnu máa sọ òmíràn. Nathan Drake nínú àwọn géèmù Uncharted jẹ́ ọmọlúàbí aláwàdà nínú gbogbo fíìmù àárín eré. Tí pádì bá padà sí wa lọ́wọ́, ó ń pa èèyàn bí ẹni pa ẹ̀fọn. Clint Hocking, tí òun náà ń ṣe géèmù, ló fún àìbáramu yìí lórúkọ ní 2007 nígbà tó ń kọ̀wé nípa géèmù BioShock: ludonarrative dissonance. Nígbà tí Uncharted 4 dé ní 2016, wọ́n fi orúkọ yẹn gan-an sórí ife-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó bá pa ọ̀tá 1000. Wọ́n mọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn, wọ́n sì fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí òfin eré fúnra rẹ̀ máa sọ ìtàn. Nínú Papers, Please, tí Lucas Pope ṣe ní 2013, aṣọ́bodè ni ẹni tó ń ṣeré. Kírẹ́díìtì 5 ni wọ́n ń san fún un lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá yẹ ìwé rẹ̀ wò dáadáa. Alẹ́ lẹ́, owó ilé, oúnjẹ, ìmúlégbóná àti oògùn dúró dè é. Ọkùnrin kan kọjá, ìwé rẹ̀ pé. Ó ní ìyàwó òun ló wà lẹ́yìn òun, kí á jọ̀ọ́ ṣàánú rẹ̀. Ìyàwó dé, ìwé rẹ̀ kò pé. Àṣìṣe 2 àkọ́kọ́ lóòjọ́, ìkìlọ̀ lásán ni. Láti orí ẹ̀kẹta, owó ìtanràn. Kò sẹ́ni tó wàásù nípa ìjọba burúkú fún wa. Ìṣirò owó oúnjẹ ló ń sọ ọ́, àwa fúnra wa la sì ń ṣe ìṣirò náà.

Hades, ti ọdún 2020, mú ikú tó jẹ́ ìyà lásán nínú géèmù Mario, ó sọ ọ́ di ẹnu ọ̀nà ìtàn: ìgbà kọ̀ọ̀kan tí Zagreus, ọmọ tó ń wá ọ̀nà àtisá kúrò nílé, bá kú, ilé bàbá rẹ̀ ló ń padà sí, àwọn ará ilé sì ní ọ̀rọ̀ tuntun láti bá a sọ. Kíkùnà wá di ohun tí èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa retí.

Ìpínrọ̀ tó kù yìí máa tú àṣírí ìparí géèmù kan. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀, kó dúró síbí. Brothers: A Tale of Two Sons ni, ti 2013. Josef Fares, tó ti ń ṣe fíìmù ní Sweden tẹ́lẹ̀, ló darí rẹ̀. Ọmọkùnrin méjì ń wá oògùn lọ fún bàbá wọn. Èdè tí wọ́n ń sọ kì í ṣe èdè ilẹ̀ kankan, nítorí náà ẹnu wọn kò lè sọ ìtàn fún wa. Ọwọ́ òsì lórí pádì ló ń darí ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ọ̀tún ló ń darí àbúrò. Ìyá wọn ti kú sómi, àbúrò sì ń bẹ̀rù omi; tí wọ́n bá dé odò, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ló máa ń dì mọ́. Bó bá ti ń pẹ́, ọwọ́ òsì kì í ṣe ọwọ́ òsì mọ́, ẹ̀gbọ́n ni. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n kú. Àwa náà la fi pádì wọ́ òkú rẹ̀ sínú kòtò, tí a fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Láti ìgbà náà, ọwọ́ òsì kò níṣẹ́ ṣe. Nígbà tí àbúrò ń padà lọ sílé pẹ̀lú oògùn, omi dí i lọ́nà. A fi ọwọ́ ọ̀tún tì í síwájú, ó dúró, ó kọ̀ jálẹ̀. A tún tì í. Ó kọ̀. Ìgbà tí ìka ọwọ́ òsì wá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbọ́n, bóyá nítorí ìka náà kàn ń wá nǹkan ṣe, ọmọ náà wọ inú omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́.