Ìbò káńsù ní Ìlú Ọba: ẹ̀tọ́ wa ni, ibi tó ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa rèé

Ẹ ti ń san council tax láti oṣù tí ẹ kó wọ ilé tí ẹ ń gbé. Orúkọ yín ló wà lára ìwé rẹ̀, bánkì sì ń yọ owó náà láìpa oṣù kan jẹ. Síbẹ̀, bí ìdìbò káńsù bá dé ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún, ẹ lè dé ibùdó ìdìbò kí wọ́n yẹ ìwé wò títí, kí wọ́n má rí orúkọ yín. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni yọ yín kúrò. Ìwé owó orí ilé lọ́tọ̀, ìwé orúkọ olùdìbò lọ́tọ̀. Ẹni tó wà nínú èkíní kò wọ inú èkejì bí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Láti ọdún 2014 ni England ti pa á tì pé kí baálé ilé máa kọ orúkọ gbogbo ará ilé sílẹ̀. Kálukú ló ń kọ tirẹ̀ báyìí.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gbìyànjú, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí kò bá tíì di ọmọ onílùú kò lè dìbò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, òfin ilẹ̀ yìí sì gba ọmọ Commonwealth tó ń gbé níbí, tó ní páálí tó gbà á láyè láti gbé, láàyè láti dìbò káńsù, àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pàápàá. Ìbáà jẹ́ físà ìwé kíkà ni ẹ fi wá, ìbáà jẹ́ ti iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ìbáà jẹ́ pé ẹ tẹ̀lé ọkọ tàbí aya yín wá ni, ìbò kan náà ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára físà pé ẹ kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba kò kan ìdìbò. Ìbò kì í ṣe owó ìrànwọ́. Ẹni tí físà rẹ̀ ti tán, tí kò sì kọ̀wé fún òmíràn kó tó tán, ni kó má dán an wò, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn kọ irọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀. Ó dùn wá láti sọ pé ọmọ Yorùbá tó wá láti Kétu tàbí Pọ́tónóvò kò ní ẹ̀tọ́ yìí bí kò bá tíì gba ìwé ọmọ ìlú, torí ilẹ̀ Benin kò sí nínú Commonwealth.

Kí ló wà nínú ìbò náà fún wa? Ẹ jẹ́ ká mú Harlow ní Essex, níbi tí káńsù ti jẹ́ ìpele méjì. Káńsù ìlú ló ń kó ìdọ̀tí, òun ló ń pín ilé káńsù fún àwọn tó ń tò dè é, òun náà ló ń fọwọ́ sí ètò ilé. Ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú àwọn arúgbó wà lọ́wọ́ káńsù county. Ìjọ tó bá rẹ́ńtì ilé ìkẹ́rù, tó fẹ́ máa jọ́sìn níbẹ̀, àṣẹ káńsù ìlú ló nílò kó tó sọ ilé náà di ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì le, àwọn kánsẹ́lọ̀ tó wà nínú ìgbìmọ̀ ètò ilé ló máa jókòó lé e lórí, tí wọ́n á nawọ́ sókè láti gbà á tàbí láti kọ̀ ọ́. A ti ń sáré kiri lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ̀ ọ́ tán, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń yan àwọn tó nawọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wa kò jáde. Ìjọba sọ ní oṣù Kejìlá 2024 pé òun fẹ́ sọ ìpele méjì yìí di ẹyọ kan káàkiri England, nítorí náà ẹ máa wo ojú ìwé káńsù yín kẹ́ ẹ lè mọ irú ìbò tó kàn yín lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Káńsù kan ń yan gbogbo kánsẹ́lọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, òmíràn ń yan ìdá kan nínú mẹ́ta wọn lọ́dún kan.

Fíforúkọ sílẹ̀ kì í gba ju bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọ̀fẹ́ ni, orí gov.uk/register-to-vote ni ẹ ti máa ṣe é, nọ́ńbà National Insurance yín ni wọ́n máa bi yín. Ọmọ ọdún 16 lè forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pé 18 ní ọjọ́ ìdìbò kó tó lè dìbò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ilé ní ìlú méjì tí káńsù wọn yàtọ̀ lè forúkọ sílẹ̀ ní méjèèjì, kó sì dìbò káńsù ní méjèèjì.

Ibi tí orúkọ wà gan-an ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹni tó kọ Seun Bello, tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ń pè é ní Oluwaseun Temitope Bello, ọ̀gá ibùdó ìdìbò ló máa pinnu bóyá ẹnì kan náà ni, ó sì ṣeé ṣe kó gbà. Àmọ́ ìyàwó tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọkọ, tí orúkọ bàbá rẹ̀ ṣì wà nínú páásípọ́ọ̀tù, wàhálà tirẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kó mú ìwé ìgbéyàwó dání lọ síbẹ̀, tàbí kó tún orúkọ náà ṣe lọ́dọ̀ káńsù kí ọjọ́ tó pé.

Ọjọ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì ka òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn. Òru ọjọ́ iṣẹ́ kejìlá ṣáájú ìdìbò ni ìforúkọsílẹ̀ ń parí. Fún ìbò ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún 2024, ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ni ìyẹn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọjọ́ 17, ni ìbéèrè fún ìbò orí pósítì parí. Nígbà tó sì di aago márùn-ún ọjọ́ 24, ìbéèrè fún aṣojú tó máa bá èèyàn dìbò àti fún Voter Authority Certificate, ìwé ìdánimọ̀ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kò ní èyí tó ní fọ́tò, parí pọ̀. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ ìdìbò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú ìwé ti pẹ́ jù.

Láti oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n ti ń béèrè ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò. Ní ìdìbò àkọ́kọ́ yẹn, nǹkan bí 14,000 èèyàn ló dé ibùdó ìdìbò tí wọn kò rí ìwé ìbò gbà nítorí ìwé ìdánimọ̀. Inú wa dùn láti sọ fún yín pé páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ṣeé lò, torí ti Commonwealth ni. Bó ti wù kó pẹ́ tó ti kú, kò burú, tí ojú inú fọ́tò bá ṣì jọ tiyín. Ike BRP (káàdì àṣẹ ìgbé) tó ti kú náà ṣeé lò bẹ́ẹ̀. Láìsẹnsì ọkọ̀ ti ilẹ̀ yìí dára, tí ìkọ́ṣẹ́ pàápàá. Káàdì bọ́ọ̀sì àwọn àgbàlagbà dára. Ohun tí wọn kò gbà ni láìsẹnsì Nàìjíríà, káàdì NIN, PVC tí ẹ gbé ti ilé wá, káàdì ilé ìwé àti káàdì ibi iṣẹ́. Wọn kì í gba ohunkóhun tó wà lórí fóònù: eVisa kò wúlò níbẹ̀, fọ́tò páásípọ́ọ̀tù tí ẹ yà sínú fóònù kò wúlò. Ohun gidi tó ṣeé dì mú ni wọ́n fẹ́ rí. Ẹni tó ti fi páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ránṣẹ́ láti gba tuntun, tí kò sì ní òmíràn, kó tètè béèrè Voter Authority Certificate lórí gov.uk. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Obìnrin tó bo ojú lè ní kí òṣìṣẹ́ obìnrin wo òun níbi ìkọ̀kọ̀.

Àwa tó mọ ti ilé, PVC ni kọ́kọ́rọ́ wa. Láìsí i, kò sí ìbò. Níbí, káàdì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé láti sọ ibùdó ìdìbò yín, ẹ lè gbàgbé rẹ̀ sílé kẹ́ ẹ sì dìbò. Ìwé ìdánimọ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Àwọn tó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ àyà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń béèrè nọ́ńbà olùdìbò yín, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni wọ́n, ẹ lè dá wọn lóhùn, ẹ sì lè kọjá lọ. Aago méje àárọ̀ ni ìdìbò ń bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń parí, ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kó tó lu mẹ́wàá yóò dìbò.

Níbí a kì í tẹ̀ka. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n so mọ́ ibi ìkọ̀kọ̀, ẹ lè lo bírò tiyín bí ọkàn yín kò bá balẹ̀. Ẹ fa àmì X sínú àpótí kékeré tó wà lápá ọ̀tún orúkọ. Ẹ ka gbólóhùn òkè ìwé kẹ́ ẹ tó fa ohunkóhun, torí òun ló máa sọ iye ìbò tí ẹ ní. Ní Harlow lọ́dún 2024, wọ́n yan gbogbo kánsẹ́lọ̀ 33 lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́ọ̀dù 11, ẹni mẹ́ta mẹ́ta, nítorí náà olùdìbò kọ̀ọ̀kan lè fa X mẹ́ta. Ẹni tó bá fa mẹ́rin ti ba ìwé náà jẹ́ pátápátá. Wọn kò ní mú mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fa ẹyọ kan kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìbò méjì sílẹ̀. Ẹ má buwọ́ lù ú, ẹ má kọ orúkọ yín síbẹ̀, ẹ má kọ àdúrà síbẹ̀: ohunkóhun tó bá lè fi ẹni tó dìbò hàn ń sọ ìwé náà di òfo. Bí ọwọ́ yín bá ṣì í, ẹ má jù ú sínú àpótí. Ẹ dá a padà fún òṣìṣẹ́, wọ́n á fún yín ní tuntun.

Ìbò orí pósítì rọrùn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ṣùgbọ́n òun ló ń gba ìṣọ́ra jù. Ìwé ìbò máa wà nínú ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín, àti ìwé ìjẹ́rìí kan, àti àpòòwé méjì, A àti B. Ìwé ìbò nìkan ló ń wọ A, kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ pa. A àti ìwé ìjẹ́rìí ló jọ ń wọ B. Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ gan-an wà lórí ìwé ìjẹ́rìí: wọ́n ní kí ẹ kọ ọjọ́ ìbí, èèyàn a wá kọ ọjọ́ òní. Ìbò náà ti kú nìyẹn, bó ti wù kí àmì X inú rẹ̀ mọ́ tó. Àṣìṣe kejì ni ìbuwọ́lùwé tí kò jọ èyí tí ẹ fi béèrè. Ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kí aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ ìdìbò tó lù. Bó bá ti pẹ́ jù fún pósítì, ẹ gbé e lọ sí ibùdó ìdìbò kẹ́ ẹ sì kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fún yín. Ẹ má kàn sọ ọ́ sínú àpótí lẹ́tà káńsù, wọn kò ní kà á. Yàtọ̀ sí tiyín, ẹ kò lè bá ju ẹni márùn-ún lọ gbé tiwọn wá. Ẹ má sì fi lé ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́wọ́ pé kó bá yín gbé e, òfin kọ̀ ọ́ fún un.

Lẹ́yìn ìdìbò, wọ́n kọ́kọ́ ń ka iye ìwé tó jáde nínú àpótí kan mọ́ iye tí ọ̀gá ibùdó kọ sílẹ̀. Níbi tí èèyàn ti ní ìbò mẹ́ta, tí ẹnì kan sì fa X fún ẹgbẹ́ méjì pọ̀, wọ́n lè to àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ sórí bébà gígùn, tí ọ̀kan ń gun èkejì bí ìpẹ́ ẹja, tó fi jẹ́ pé ibi tí X wà nìkan ló hàn, kí wọ́n lè kà á. Ní Harlow yẹn, Conservative ní 17, Labour ní 16. Ní Northumberland ní 2017, ìbò 356 ni ẹni méjì ní lọ́kọ̀ọ̀kan ní wọ́ọ̀dù South Blyth. Wọ́n tún un kà, kò yí padà. Gègé ni wọ́n ṣẹ́ níkẹyìn, wọ́n fa koríko, òfin ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìbò ń jẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà wa láyé àtijọ́ nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ díje fúnra rẹ̀, ọ̀nà là. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú, tàbí ọmọ Commonwealth tó ti gba àṣẹ ìgbé títí láé; físà iṣẹ́ kò tó fún èyí. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé olùdìbò àdúgbò káńsù náà, tàbí kó ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún oṣù 12. Ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ káńsù yẹn gan-an kò lè díje. Olùdìbò méjì láti wọ́ọ̀dù náà ló máa buwọ́ lu ìwé rẹ̀, kò sì sí owó ìdógò. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kọkàndínlógún ṣáájú ìdìbò ni ilẹ̀kùn ń tì, ẹ má fi di ọjọ́ yẹn gan-an: bí nọ́ńbà olùdìbò ẹni tó buwọ́ lù ú bá ṣì, ẹ nílò àyè láti tún un ṣe. Gbogbo ìwé pélébé tí ẹ bá tẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Láàárín ọjọ́ 35 lẹ́yìn èsì, ẹ máa kọ gbogbo ìnáwó yín ránṣẹ́ sí káńsù pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹni tó fìdí rẹmi náà máa kọ ọ́, ẹni tí kò sì ná kọ́bọ̀ máa kọ ọ́ pé òun kò ná kọ́bọ̀.