Oòrùn Kì Í Dárúkọ Ibi Tí Ọkọ̀ Wà: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ojú Ọ̀run Mọ Ọ̀nà Nínú Ọkọ̀ Ìgbòkun Kékeré

Àṣìṣe kan gbilẹ̀ nípa fífi oòrùn àti ìràwọ̀ mọ ọ̀nà lójú òkun, ó sì ń bíni nínú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí atukọ̀ bá ti gbé sextant, irinṣẹ́ ìwọ̀n igun tí wọ́n ń dì mọ́wọ́, sójú, tó wo oòrùn, tó ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ó ti mọ ibi tó wà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Igun kan ṣoṣo ni sextant ń wọ̀n: bí oòrùn ṣe ga tó sí ìlà tí omi àti sánmà ti pàdé. Kò mọ àríwá, kò mọ gúúsù, kò sì mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni igun yẹn ń sọ. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń wá èyí tó kù ló dùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Ní ìṣẹ́jú èyíkéyìí, ibì kan wà láyé tí oòrùn wà ní àtàrí ẹni tó bá dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ibẹ̀ ní èèkàn. Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, tó sì fa okùn rẹ̀ le tantan, lè wà níbikíbi lórí òbìrìkìtì tó yí èèkàn náà ká. Igun tí atukọ̀ wọ̀n ló ń sọ bí okùn náà ṣe gùn tó. Bí oòrùn bá ga ní dígírì 52, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 90, ó ku 38. Dígírì kọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì ojú òkun 60, torí náà okùn ewúrẹ́ yìí gùn tó máìlì 2,280. Ọkọ̀ wà níbì kan lórí òbìrìkìtì ńlá yẹn. Apá ibo lára rẹ̀? Igun ò sọ.

Èèkàn náà ò tiẹ̀ dúró sójú kan. Ayé ń yí, èèkàn sì ń sáré lọ sí ìwọ̀ oòrùn ní dígírì 15 ní wákàtí kan, ìyẹn máìlì 900 bó bá wà lórí ìlà agbedeméjì ayé. Aago tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 4 péré ṣìnà ti wú èèkàn, ó ti rì í mọ́ ibòmíì tó jìnnà ní máìlì kan. Ìdí nìyẹn tí aago fi ṣe pàtàkì tó sextant fúnra rẹ̀. Inú álímánáàkì àwọn atukọ̀, èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣe fún ọdún 1767, ni wọ́n ti ń wo ibi tí èèkàn wà ní àkókò náà gan-an.

Nínú ọkọ̀ ìgbòkun kékeré, wíwọn igun yìí kì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó. Ọkọ̀ ń fì, omi ń ta sára dígí, atukọ̀ sì ti fi ẹsẹ̀ kan kọ́ okùn tó di òpó mú kó má bàa ṣubú. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni dígí méjì tó wà nínú sextant. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń kọ lu dígí méjèèjì kó tó dé ojú, torí náà bí ọwọ́ bá gbọ̀n, oòrùn àti ìlà òkun á jọ gbọ̀n pọ̀ ni, wọn ò ní pínyà. Atukọ̀ á máa fa oòrùn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò fi rọra kan omi. Á wá rọ sextant sí ọ̀tún, á rọ ọ́ sí òsì, oòrùn á sì máa fì bí ọmọ tó wà lórí jangilọ́fà. Ibi tó ti rẹlẹ̀ jù lọ ló ti gbọ́dọ̀ kan omi. Á pariwo, ẹni tó wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ aago á sì kọ àkókò sílẹ̀.

Orí ìgbì ló sì ti gbọ́dọ̀ ṣe é. Bí ọkọ̀ bá wà ní kòtò láàárín ìgbì méjì, ohun tó dà bí ìpẹ̀kun òkun lè jẹ́ ẹ̀yìn ìgbì tó wà níwájú. Ìyẹn ni wọ́n fi máa ń wọn igun náà lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí wọ́n á sì da èyí tó bá yàtọ̀ gedegbe nù. Àtúnṣe kéékèèké tó tẹ̀ lé e, bíi ti gíga ojú sí omi àti ti ìmọ́lẹ̀ tó ń tẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, wà nínú tábìlì nọ́ńbà tí wọ́n ti ṣírò sílẹ̀. Kò sí wàhálà níbẹ̀.

Báwo ni òbìrìkìtì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ohun tó wúlò? Ní December 17, 1837, kapténì ará Amẹ́ríkà kan, Thomas Sumner, ń bọ̀ láti Charleston ní Amẹ́ríkà sí Greenock ní Scotland. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ilẹ̀ eléwu sì ti sún mọ́lé. Oòrùn yọjú fẹ́ẹ́, ó wọn gíga rẹ̀. Kò mọ bí òun ṣe jìnnà sí àríwá tó, ló bá méfò, ó sì ṣírò. Ó méfò ibòmíràn, ó tún ṣírò, ó sì ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó rí tò sórí ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo, ìlà náà sì kọjá lára ilé ìmọ́lẹ̀ Smalls, tó wà lójú òkun nítòsí Wales. Kò mọ apá ibi tó wà lórí ìlà náà, àmọ́ ó mọ̀ pé orí rẹ̀ lòun wà. Ó darí ọkọ̀ gba ojú ìlà, kò sì pẹ́ tó fi rí iná Smalls.

Marcq Saint-Hilaire, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé, sọ ọgbọ́n yìí di ohun tó rọrùn láàárín ọdún 1870 sí 1879. Atukọ̀ á mú ibì kan lórí máàpù, á ní ká gbà pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ wà. Á ṣírò bí oòrùn ìbá ṣe ga tó níbẹ̀: ká ní dígírì 52 àti mínìtì 10. Sextant ní tirẹ̀ sọ pé 52 àti 18. Mínìtì kan lára dígírì jẹ́ máìlì kan, torí náà ọkọ̀ fi máìlì 8 sún mọ́ èèkàn ju ibi tó méfò lọ. Á wọn máìlì 8 síhà oòrùn, á sì fa ìlà dábùú ibẹ̀. Òbìrìkìtì náà tóbi débi pé ìwọ̀nba tó hàn lórí máàpù gún bíi rúlà.

Ẹni tó bá méfò ibòmíì tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́ ní máìlì 20 á rí iye tó yàtọ̀, síbẹ̀ ìlà rẹ̀ á bọ́ sórí ti àkọ́kọ́. Àṣìṣe inú ìméfò gan-an ni ìṣirò náà ń wọ̀n. Kò sí ohun tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ nínú GPS, bó tilẹ̀ yára jù ú lọ fíìfíì.

Láti mọ ojú ibi tí ewúrẹ́ dúró sí, èèkàn kejì gbọ́dọ̀ wà. Ní ìdájí àti àṣálẹ́, ìràwọ̀ mẹ́ta lè fúnni ní ìlà mẹ́ta, bí wọ́n bá yá ọwọ́ kí ìlà òkun tó pòórá sínú òkùnkùn. Ní ọ̀sán, ìlà tí wọ́n fà ní àárọ̀ ni wọ́n ń sún síwájú ní ìwọ̀n ibi tí ọkọ̀ ti rìn dé, kí ìlà ọjọ́kanrí wá dábùú rẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tí sextant lè ṣe. Àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù nìyẹn.

Ní ọdún 1916, Frank Worsley bá irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ pàdé nínú James Caird, ọkọ̀ tí kò gùn ju mítà 7 lọ, nígbà tí òun àti Shackleton, olórí ìrìn àjò wọn, àti àwọn mẹ́rin mìíràn ń ti Elephant Island, nítòsí Antarctica, lọ sí erékùṣù South Georgia, ìrìn nǹkan bíi máìlì 800. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló rí oòrùn wọ̀n láàárín ọjọ́ bíi 16, ńṣe ni wọ́n sì ń dì í mú kí ìgbì má bàa gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ erékùṣù náà, ó sọ fún Shackleton pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi tí òun fà sórí máàpù ò fi máìlì 10 ṣìnà. Ìhà kejì erékùṣù ni àwọn èèyàn wà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fò ó kọjá, afẹ́fẹ́ ò ní jẹ́ kí wọ́n lè padà. Torí náà, etíkun tí kò séèyàn, tó wà níhà tí wọ́n ti ń bọ̀, ni wọ́n dorí ọkọ̀ kọ. Ní May 8, wọ́n rí òkè rẹ̀.