Tucumcari, New Mexico

Tucumcari jẹ́ ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ New Mexico, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni olú-ìlú káúńtì Quay, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1903. Orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbẹ ló wà, láàárín Amarillo ní Texas àti Albuquerque. Àwọn tó ń gba òpópónà Route 66, ọ̀nà mọ́tò àtijọ́ tó ti Chicago lọ sí California, kọjá ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde.

Ojú irin ló bí ìlú náà kí mọ́tò tó dé. Ní 1901, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Chicago, Rock Island and Pacific ń la ojú irin gba agbègbè náà, àwọn òṣìṣẹ́ pa àgọ́ síbẹ̀. Ìbọn ń dún níbẹ̀ débi pé àwọn èèyàn ń fi ìbọn ọlọ́ta mẹ́fà pè é: Six Shooter Siding. Nígbà tó yá ni ó gba orúkọ òkè tó wà nítòsí rẹ̀. Ojú irin tó ti El Paso wá náà parí síbẹ̀, iṣẹ́ sì pọ̀. Ìkànìyàn 1910 rí èèyàn 2,526.

Route 66 dé ní 1926. Mọ́tò tó bá ti rìn látàárọ̀ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí nílò epo, oúnjẹ àti ibùsùn, Tucumcari sì ní gbogbo rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ìlú gbé pátákó ìpolówó sí ẹ̀bá ọ̀nà láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ máìlì sí ìlú náà, wọ́n kọ ọ́ sí i pé yàrá 2,000 ló ń dúró de àlejò. Nígbà tí nǹkan kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, iye yàrá orí pátákó náà já wálẹ̀ sí 1,200. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ilé ìtura náà ni Blue Swallow Motel, tí wọ́n kọ́ ní 1939. Ó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àlejò, iná neon rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ń yà ní fọ́tò jù ní ìlú náà. Lillian Redman ló ni ín láti 1958 títí di 1998.

Yàtọ̀ sí ọ̀nà, omi náà ran ìlú lọ́wọ́. Wọ́n parí ìsédò Conchas ní 1939, omi rẹ̀ sì gba odò àtọwọ́dá dé oko àwọn àgbẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Iye èèyàn fò láti 6,194 ní 1940 dé 8,419 ní 1950. Ìlú náà kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń sọ ni pé òpópónà Interstate 40, tó yọ ìlú náà sílẹ̀ ní 1981, ló pa á. Ìkànìyàn kò fara mọ́ èyí pátápátá. Èèyàn 8,143 ló kù ní 1960, 7,189 ní 1970, 6,765 ní 1980. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí òpópónà tuntun tó gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá. Ọkọ̀ ojú irin oní-dísẹ́lì ti gba ipò elédú, kò sì nílò òṣìṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ibùdó tó bá dúró sí. Ní 1980 ni ilé-iṣẹ́ ojú irin Rock Island fúnra rẹ̀ wó, wọ́n sì pa ojú irin tó lọ sí Amarillo tì. Kódà iye èèyàn lọ sókè díẹ̀ sí 6,831 ní 1990, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí òpópónà tuntun ti dé. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tún wálẹ̀ sí 5,989 ní 2000.

Ó ju ìdajì àwọn ará ìlú lọ tí wọ́n jẹ́ Hispáníìkì, ìyẹn àwọn tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì. Àwọn àlejò tó ń wá Route 66 àtijọ́ ṣì ń sùn ní Blue Swallow. Ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ ti di ilé ìṣẹ̀m̀báyé, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Mesalands sì ní tirẹ̀ tí wọ́n kó àwòrán egungun dáínósọ̀ tí wọ́n fi idẹ rọ sí. Ìkànìyàn 2010 rí èèyàn 5,363, ti 2020 sì rí 5,278: èèyàn 85 péré ló dín láàárín ọdún mẹ́wàá.