Òróró lórí bírò: ohun tí "orí, kì í ṣe ìrù" ń béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin

Bí ìdánwò WAEC bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀pọ̀ ìjọ nílẹ̀ Yorùbá ni ó máa ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ síwájú pẹpẹ pé kí wọ́n mú bírò àti pẹ́ńsù wọn dání, kí a lè gbàdúrà sí wọn, kí a sì fi òróró ólífì kàn wọ́n. Èmi náà ti dúró níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé kíláàsì àwọn ọmọkùnrin ni mo ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, n kò sì rí ohun tí ó burú nínú kí ìjọ gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀. Ní ọdún kan, ọmọ kan nínú kíláàsì mi kó bírò mẹ́rin tí ó fi rọ́bà dì pọ̀ wá. Ínkì wọn kún dé òkè. Kò sí èyí tí ó tíì kan ìwé rí nínú wọn. Mo bi í léèrè ibi tí ó ka ìṣirò dé. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Tíṣà. Orí ni wá, a kì í ṣe ìrù." Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àfojúdi rárá. Ohun tí àwa àgbà ti kọ́ ọ ni ó sọ padà fún mi.

Ìgbàgbọ́ òdì tí mo fẹ́ tọ́ka sí nìyí: pé ọmọ tí a bí sínú ilé onígbàgbọ́ ti jogún ipò iwájú, àti pé àdúrà lè rọ́pò ìwé kíkà. Inú Diutarónómì orí 28, ẹsẹ 13, níbi tí a ti ṣèlérí pé Ọlọ́run yóò fi àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe orí, kì í ṣe ìrù, ni a ti mú un, ṣùgbọ́n àárín ẹsẹ ni a ti máa ń gé e. Ẹsẹ náà kò parí síbi orí àti ìrù. Ó tẹ̀ síwájú láti sọ pé bí àwọn ènìyàn náà bá fetí sí àṣẹ Ọlọ́run ni, tí wọ́n ń kíyè sí i, tí wọ́n sì ń ṣe é. Gbogbo Ísírẹ́lì ni a sì bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, lórí bí wọn yóò ṣe máa gbé gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Kò sí ohun tí ó kan ipò kìíní ní kíláàsì níbẹ̀.

Dáníẹ́lì ni ẹlẹ́ẹ̀kejì tí a máa ń fà yọ. A máa ń wúre pé kí ọmọ wa ní ẹ̀mí Dáníẹ́lì, kí ó fi ìlọ́po mẹ́wàá dára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá ń wúre náà tún orí kìíní ìwé náà kà láti òkè wá. Ọba Bábílónì pàṣẹ pé kí a kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ìwé àti èdè àwọn ará Kálídíà, ó sì fi ọdún mẹ́ta sí i. Èdè àjèjì ni, ìwé àjèjì ni, ní ìlú tí a kó wọn ní ìgbèkùn lọ. Lóòótọ́, Ọlọ́run ni ó fún wọn ní ìmọ̀ àti òye nínú ìwé gbogbo. Bíbélì sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ 17. Àmọ́ inú ọdún mẹ́ta ẹ̀kọ́ náà ni ẹ̀bùn yẹn ti bá wọn, kí ọba tó wá dán wọn wò.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí a mú lẹ́rú ní 1821 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ bí ọdún méjìlá. Ní 1822 ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Wọ́n sì tún kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà. Ní 1825 ó ṣe ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ní 1827 ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lẹ́ẹ̀kan lè rò pé oore-ọ̀fẹ́ ni ó ń gbé e láti orí àtẹ̀gùn kan sí òmíràn. Oore-ọ̀fẹ́ ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí ó jẹ́ olórí iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù jáde ní 1850. Odindi Bíbélì kò pé títí di 1884, lẹ́yìn tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é ti yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tẹ̀lé òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti ń ṣà jọ sínú ìwé sì bá a lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Bíbélì Yorùbá tí a fi ń pariwo "orí, kì í ṣe ìrù" lónìí, láti ọwọ́ ọmọkùnrin tí kò sinmi ìwé ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí ni ó dé tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwọn ọmọkùnrin jù? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọbìnrin ti jí gbálẹ̀, ó ti fọ abọ́, ó ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun kò bá ṣe yóò dúró de òun. Ti ọmọkùnrin ni à ń sọ pé olórí ilé ni, kí ó tó ṣe ohun kan tí orí ń ṣe. Nígbà tí ìdánwò bá wá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí ìwé kò sì wọlé, bàbá tí kò fẹ́ kí ojú ti òun nínú ìjọ yóò sanwó ibi tí a ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún wọn. "Mírákù sẹ́ńtà" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ibùdó iṣẹ́ ìyanu. Orúkọ yẹn máa ń dùn mí dọ́kàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ tiwa ni wọ́n yá lò, èsì ibẹ̀ náà sì ni a ń gbé wá síwájú ìjọ láti fi jẹ́rìí. Ohun tí ọmọ náà rí kọ́ ni pé a lè purọ́ kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀.

Lúùkù sọ fún wa bí Jésù fúnra rẹ̀ ṣe rí ní ọmọ ọdún méjìlá. Àárín àwọn olùkọ́ ni wọ́n ti bá a nínú tẹ́ńpìlì, ó ń gbọ́ tiwọn, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Bí Ọmọ Ọlọ́run bá jókòó béèrè ìbéèrè, n kò mọ ọmọ wa tí ó ga ju ìyẹn lọ.

Ọmọ oníbírò mẹ́rin náà kò yege ìṣirò ní ọdún yẹn. Bàbá rẹ̀ gbà pé kí ó tún un ṣe. Ní gbogbo ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin, a máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, ọmọ náà yóò gbàdúrà, a ó sì ṣí ìwé. Nígbà mìíràn bàbá rẹ̀ a wá jókòó tì wá, a máa wò wá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò fi máa tún pé, ínkì ti gbẹ tán nínú méjì lára àwọn bírò náà.