Eku Ló Dá A Sílẹ̀: Bí Àtúntò Àárín Ìlú Ṣe Bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó

Ẹ dúró sí Ìdúmọ̀tà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ wá ibi tí ilé parí sí tí ọjà ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ á ṣú kí ẹ tó rí i. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ló wà nísàlẹ̀, yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí ló lé e, lókè téńté ẹnì kan ń sá aṣọ ọmọ sórí okùn. Àwọn tó ń ya àwòrán ìlú lóde òní ti wá ń pariwo pé irú èyí ló dáa: kí ilé ìgbé, ọjà àti ibi iṣẹ́ wà lójú kan, kí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, kí epo tí à ń jó dín kù, kí ìlú lè tọ́jọ́. Bí ẹni pé àná ni wọ́n rí i. Ìsàlẹ̀ Èkó ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ. Eku ló sì kọ́kọ́ fà á tí ìjọba fi dìde láti tú u ká.

Nígbà tí Olóyè Òṣòdì Tápà kó àwọn èèyàn rẹ̀ bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ ní 1862, agboolé 21 ni wọ́n pín ara wọn sí níbi tí à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní. Agboolé kì í ṣe ilé oorun lásán. Ojúde ni wọ́n ti ń yanjú ẹjọ́, òun náà ni aránṣọ ń jókòó sí, òun náà ni ìyàwó ilé ń tẹ́ àtẹ sí lẹ́nu ọ̀nà, tí ìyakọ rẹ̀ ń bá a gbọ́mọ. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba dé wá fi pẹ́tẹ́ẹ̀sì kún un. Ní Tinúbú, ìdílé Fernandez kọ́ ilé kan ní nǹkan bíi 1855, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ilé ọtí àti oúnjẹ. Ilé yẹn la wá mọ̀ sí Ilojo Bar. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ní 1924 ni àrùn tí eku ń gbé kiri, èyí tí òyìnbó ń pè ní plague, wọ Èkó. Kòkòrò tín-ín-tín tó ń gbé ara eku ló ń kó o ran èèyàn: ó bu eku jẹ, eku kú, ó fò bọ́ sára ẹni tó sùn nítòsí. Abẹ́ abíyá tàbí abẹ́ itan á wú, ibà á gorí ibà, ọ̀pọ̀ ẹni tó mú ni kò dìde mọ́. Oògùn tó lè pa á kò tíì sí láyé nígbà yẹn. Ọdún bíi mélòó kan ló fi ń jà nínú ìlú, tó rọlẹ̀ tó tún dìde.

Woléwolé wá ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn. Yàrá tí kò ní fèrèsé, ọ̀nà àárín ilé méjì tó gba èjìká èèyàn kan ṣoṣo, ibi ìdáná tó fara ti ibi tí wọ́n ń kó àgbàdo sí. Ká má purọ́, ibòmíràn há ní tòótọ́, eku kì í sì í wá ilé míì ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba òyìnbó rí kò ju eku àti ìdọ̀tí lọ. Wọn ò rí i pé aṣọ tí ìyá kan ń tà lẹ́nu ọ̀nà ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ inú yàrá tí kò ní fèrèsé náà.

Ní 1928 wọ́n ṣe òfin títo ìlú Èkó, òfin náà ló sì bí Lagos Executive Development Board, tí gbogbo ayé ń pè ní LEDB. Agbára tí wọ́n fún un pọ̀. Ó lè gba ilẹ̀, ó lè wó ilé, ó lè la títì tuntun, ó sì lè tún ilẹ̀ pín, kó tà á. Oko Awo ni wọ́n kọ́kọ́ kojú sí. Lókè odò, wọ́n pín ilẹ̀ Yàbá sí ojúlé-ojúlé, títì rẹ̀ sì gún gbọnrangandan. Ẹni tó bá rin Yàbá lónìí tó wá rin Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sọ fún un èwo ni wọ́n fi rúlà yà.

Ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú ni ibi tí nǹkan ti le. Àwọn ará Èkó ti jà á ṣáájú. Ìjọba ti gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Oluwa, Amodu Tijani, olóyè náà sì bá wọn ṣẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1921 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ́hùn-ún dá a láre: ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn tó ni ín ní kíkún, owó tó sì bá ilẹ̀ tí èèyàn ni mu ni kí ìjọba san. Nítorí náà LEDB kò lè gba ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni kí wọ́n san án fún? Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn ọmọ ìyá mẹ́rin ló ni ín, àwọn ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn ló ń gbébẹ̀, àǹtí kan sì wà ní Ìbàdàn tí kì í san nǹkan kan ṣùgbọ́n tí yàrá rẹ̀ ń dúró dè é. Tí wọ́n bá pín owó náà kàn wọ́n, kò sí èyí tí tirẹ̀ tó o kọ́ ilé.

Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá kí wọ́n tó dé àárín gan-an. Ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti yí padà, kì í ṣe eku mọ́. Ní 1954 wọ́n yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀ Oòrùn, ó di olú ìlú ìjọba àpapọ̀, òmìnira sì ń bọ̀. Ojú ń ti àwọn ọ̀gá pé àlejò á dé bá ilé jákujàku láàárín olú ìlú. Ní 1955 iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tó éékà 70 ní àárín erékùṣù. Ètò wọn ni pé kí wọ́n ra ilé, kí wọ́n wó o, kí wọ́n la títì gbòòrò, kí wọ́n wá tún ilẹ̀ tà. Ẹni tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ láǹfààní láti rà á padà, àmọ́ ní owó tó ga ju èyí tí wọ́n san fún un, yóò sì kọ́ irú ilé tí òfin tuntun fẹ́. Àwọn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Àwọn tó kù ni wọ́n kọ́ ilé dè ní Súrùlérè. Orúkọ yẹn a máa pa mí lẹ́rìn-ín: wọ́n wó ilé èèyàn, wọ́n wá ní kó lọ máa gbé níbi tí súùrù ti lérè. Ká sọ tòótọ́, ilé náà dáa. Ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó ní fèrèsé, ó ní ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé, omi ẹ̀rọ wà. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ ti rí i he. Àmọ́ ibi oorun ni wọ́n kọ́, wọn ò kọ́ ibi iṣẹ́ mọ́ ọn. Ọjà ìyá wà ní Jankárà, ṣọ́ọ̀bù bàbá wà nítòsí Tinúbú, Afárá Carter nìkan ló sì so erékùṣù mọ́ òkè odò nígbà náà. Ẹni tó máa ń jí, tó máa ń bọ́ síta, tó máa ń tẹ́ ọjà kó tó bójú tán, ó wá di ẹni tó ń san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Peter Marris, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣèwádìí nípa àwùjọ, tọ àwọn tí wọ́n kó lọ àtàwọn tó ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ, ó bi wọ́n léèrè. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó bá bọ̀ kì í ṣe tuntun létí àwọn tó ń gbé e. Àwọn obìnrin tó ń tajà pàdánù oníbàárà, torí ẹni tó ń rà lọ́wọ́ ẹ ní Ìdúmàgbò kò ní wọ ọkọ̀ torí ata. Owó ilé àti owó ọkọ̀ gbọ́n owó oúnjẹ lọ. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń rí ara wọn lójoojúmọ́ wá ń rí ara wọn nígbà òkú àti ìgbéyàwó.

Ọdún 1961 yẹn kan náà ni ìwé Jane Jacobs, obìnrin òǹkọ̀wé kan tó ń kọ̀wé nípa ìlú, jáde ní New York. Ó ń gbé ní títì Hudson, nínú ilé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ́ ṣọ́ọ̀bù rí, ó sì bá àwọn tó fẹ́ wó àdúgbò rẹ̀ jà. Àlàyé rẹ̀ ni pé títì tí ilé àti ìsọ̀ bá ti wà papọ̀ ni ojú ń ṣọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Òun làwọn ayàwòrán ìlú kárí ayé ń tọ́ka sí dòní. Òfin pípín ìlú sí ibi ìgbé àti ibi iṣẹ́ tí ó ń bá jà ní ìdí tirẹ̀ nílùú àwọn tó ṣe é: ilé iṣẹ́ tó ń tú èéfín, tí ọmọ kò gbọdọ̀ sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èéfín wo ló ń jáde lára ẹ̀rọ ìránṣọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó?

Àwọn onílé fárí gá, iṣẹ́ náà ń falẹ̀, òmìnira dé, kò sì parí bí wọ́n ṣe pète rẹ̀. Apá kan di títì gbòòrò àti ilé gogoro, apá kan wà bó ṣe wà. Ní 1972 wọ́n pa LEDB pọ̀ mọ́ àwọn ìgbìmọ̀ tó ń to ìlú Ìkẹjà àti Ẹ̀pẹ́, ó di LSDPC, àjọ tó ń rí sí ilé àti ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ilojo Bar náà, tí ìjọba ti sọ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, nígbà tí wíwó ilé ń lọ lọ́wọ́ nítòsí rẹ̀ gan-an, ó yè é. Oṣù September 2016 ni wọ́n tó wó o.

Súrùlérè ńkọ́? Ẹ lọ wò ó. Ilé tí wọ́n kọ́ fún oorun, wọ́n ti lu ògiri iwájú rẹ̀. Níbi kan, fèrèsé ti di ìsọ̀, ìyá kan ń na búrẹ́dì àti sáṣẹ́ẹ̀tì mílíìkì gba inú irin rẹ̀ sí ọmọ ilé ìwé. Ojúlé kejì, aránṣọ gbé ẹ̀rọ síta lábẹ́ páànù, àwọn ọmọ rẹ̀ ń kàwé lẹ́yìn rẹ̀.