Ọmọ wà ní wọ́ọ̀dù: kí ni saikọ́lọ́jíìsì ń ṣe níbẹ̀?

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọ̀dọ́ tí ìlera ọpọlọ wọn mẹ́hẹ, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ọmọ ọdún 13 ló kéré jù lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti pé 18 á kọjá sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Bí mo bá dé òde ìsọmọlórúkọ tàbí ìpàdé ọmọ ìlú, àwọn ìyá máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á wá béèrè. Àwọn ìbéèrè wọn nìyí. Àwọn ọmọ tí mo mẹ́nu bà, mo ti yí ohun tó lè mú kí wọ́n dá wọn mọ̀ padà.

Ìbéèrè: Ṣé dókítà ọpọlọ ni yín?

Rárá, saikọ́lọ́jíìsì àgbà ni mí. Dókítà ọpọlọ ló ń kọ oògùn, èmi kì í kọ ọ́. Lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, a tún ń lo ọdún mẹ́ta láti gba oyè ọ̀mọ̀wé ká tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HCPC, àjọ tí òfin ní kó máa ṣọ́ iṣẹ́ wa. Ti "àgbà" tó wà lára orúkọ iṣẹ́ mi, ohun tó túmọ̀ sí ni pé èmi ni mò ń tọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sọ́nà, ọ̀rọ̀ ọmọ tó bá sì ta kókó, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀.

Ìbéèrè: Bí kì í bá ṣe oògùn, kí lẹ wá ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ọ̀rọ̀ lásán?

Ọ̀rọ̀ là ń bá wọn sọ lóòótọ́. Àmọ́ wákàtí kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ lọmọ kan ń bá mi jókòó. Gbogbo wákàtí tó kù, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló wà, ọwọ́ tíṣà tó ń kọ́ wọn nínú ọsibítù, ọwọ́ ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá. Bí àwọn wọ̀nyí ò bá mọ ìdí abájọ ìwà ọmọ náà, ohun tí mo bá fi wákàtí kan mọ á ti wó kílẹ̀ tó ṣú. Òpómúléró iṣẹ́ mi kò sí nínú yàrá tí èmi àti ọmọ jókòó sí. Ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ló wà.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan hàn yín. Ọmọbìnrin kan wà, ọmọ ọdún 15, tó máa ń forí gbá ògiri lálaalẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ṣe ló fẹ́ kí wọ́n máa wo òun. Mo ní kí wọ́n bá mi kọ aago tó ń bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Nígbà tá a tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, aago méje ku díẹ̀, aago méje kọjá díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ló wà láago méje? Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì ọ̀sán ń gbéṣẹ́ lé ti òru lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn á wọ ọ́fíìsì, wọ́n á tilẹ̀kùn. Ọmọ yìí ti gbé ilé alágbàtọ́ márùn-ún, kò sì sí ọ̀kan tí wọ́n ti sọ fún un ṣáájú pé ó ń kúrò níbẹ̀. Lójú tiẹ̀, àgbà tó bá ti tilẹ̀kùn ti lọ nìyẹn. A wá fẹnu kò pé kí nọ́ọ̀sì tó ń relé máa kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀, kó sì dárúkọ ọjọ́ tó ń padà bọ̀: "Mò ń lọ sílé o. Ọjọ́bọ̀ ni màá dé." Kò tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ó dín kù débi tá a fi ráyè sọ̀rọ̀ àwọn ilé márùn-ún yẹn.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n lè ti ọmọ mi mọ́bẹ̀ tí mi ò bá gbà?

Wọ́n lè ṣe é. Òfin ìlera ọpọlọ ti 1983 gbà kí wọ́n dá èèyàn dúró ní ọsibítù bí ewu bá wà, ì báà jẹ́ ọmọdé. Ẹnì kan kì í dá a ṣe: dókítà méjì, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n dìídì fọwọ́ sí fún iṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ abala 2 òfin yẹn ni wọ́n fi dá a dúró, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 28. Ọmọ náà lè gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́, kò sì ní sanwó lọ́yà. Ẹ̀yin ṣì ni òbí rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ìbẹ̀rù tó wà nídìí ìbéèrè yìí kì í ṣe lásán. Lọ́dún 2010, Olaseni Lewis, ọmọ ọdún 23, kú lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ọsibítù tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ìtọ́jú lọ. Àwọn òbí rẹ̀ ò sinmi títí òfin kan fi jáde ní 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní Òfin Seni. Ó pọn dandan báyìí kí ọsibítù kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá fipá di aláìsàn mú, kí wọ́n sì kọ́ òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe lè yẹra fún un. Mo máa ń dárúkọ Seni fún gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ mi kì í wojú èèyàn. Ṣé àìsàn ni?

Ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ wa kan, ọmọ ọdún 14, pé ilẹ̀ ló ń wò bí dókítà bá ń bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́. Dókítà ọ̀hún tó bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tójú ọmọ máa ń rí bó bá ranjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí. Nídìí géèmù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú ló ń wò wọ́n kòró. Mo sọ ọ́ nípàdé, wọ́n sì yọ gbólóhùn yẹn kúrò.

Bákan náà, bí ìyá bá ní orí ọmọ òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn kiri nínú rẹ̀, kí wọ́n má kàn kọ "ẹ̀fọ́rí" kí wọ́n sì kọjá lọ. Ọdẹ orí làwọn àgbà wa ń pè é, Mákanjúọlá, dókítà ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà, sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀ fáwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ láti 1987. Ẹ béèrè ògbufọ̀. Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọmọ náà ṣe é.

Ìbéèrè: Bí mo bá bi í bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ṣé mi ò ní fi sí i lọ́kàn?

Ẹ ò ní fi sí i lọ́kàn. Ẹ bi í lóhùn pẹ̀lẹ́: "Ṣé ó máa ń ṣe ẹ́ bíi kó o má sí láyé mọ́?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má figbe ta "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn á panu dé. Ẹ jókòó tì í, ẹ kó oògùn inú ilé pa mọ́, ẹ pe 111 kẹ́ ẹ sì yan ti ìlera ọpọlọ. Bẹ́mìí bá ti wà nínú ewu, 999 ni.

Ìbéèrè: Àdúrà ńkọ́?

Ẹ gbà á. Pásítọ̀ tàbí àáfà yín lè wá kí i bí ọmọ náà bá fẹ́. Àmọ́ ẹ má ní kí ọmọ tí kì í jẹun gbààwẹ̀, ẹ má sì dá oògùn dúró láìsọ fún dókítà.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló máa padà sílé?

Ọjọ́ tó wọlé la ti ń ro ọjọ́ tó máa jáde. Bó bá pẹ́ jù lọ́dọ̀ wa, ilé, iléèwé àtàwọn ọ̀rẹ́ á dàjèjì sí i. Mo máa ń rántí dókítà ọpọlọ náà, Adéoyè Lambo, ní ọsibítù Aro, l'Abẹ́òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká ní 1954, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí kan tó ń bá a gbé. Wọ́n á lọ gbàtọ́jú lójúmọmọ, wọ́n á padà sílé. Ó yé e pé a kì í wo èèyàn sàn láìsí àwọn èèyàn rẹ̀. Tiwa níbí, wákàtí méjì nílé la fi ń bẹ̀rẹ̀, tó bá yá ó di òru kan, lẹ́yìn náà òpin ọ̀sẹ̀.

Ìyá kan bi mí pé kí lòun fẹ́ sọ fọ́mọ òun ní wákàtí méjì àkọ́kọ́ yẹn. Mo ní kó má bi í ní nǹkan kan, kí wọ́n jọ jókòó ṣa ẹ̀wà. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì. Ìdí ẹ̀wà yẹn lọmọ ti sọ ọ́ fún un, láìgbójú sókè, pé ọdún kan rèé táwọn kan ti ń na òun níléèwé.